"Agbára Epo Kò Tó": Àṣìṣe Olùtumọ̀ Kan àti Ọ́ìlì Inú Ẹ́ńjìnnì ní Abereke

Àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe ni mo fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ní kí n túmọ̀ ìwé pélébé kan sí èdè Yorùbá fún àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Ìwé náà ṣàlàyé ohun tí ó yẹ kí atukọ̀ ṣe nígbà tí iná pupa bá tàn láti kìlọ̀ pé ọ́ìlì tí ń yí inú ẹ́ńjìnnì kò fún mọ́ bí ó ti yẹ. Mo kọ ọ́ báyìí pé: "Agbára epo kò tó." Gbólóhùn náà kúrú, ó já gaara, inú mi sì dùn sí i nígbà náà. Ní ọdún 2023, mo lọ sí Abereke ní etíkun Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti ṣe àkójọ orúkọ ohun èlò àwọn apẹja. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ gbólóhùn mi lẹ́nu ẹni tí ó ti ná owó lé e lórí.

Omi ni títì Abereke. Oríṣi ẹ́ńjìnnì méjì ni àwọn ará ibẹ̀ ń so mọ́ ìdí ọkọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn, tí a ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀. Ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ ni bẹntiróòlù 50 sí ọ́ìlì 1. Ìkejì ni ẹ́ńjìnnì onígbésẹ̀ mẹ́rin, tí ó ní àwo ọ́ìlì tirẹ̀ àti pọ́ǹpù tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti mọ́tò. Irú ẹ̀kejì yìí, tòkúǹbọ̀ alágbára ẹṣin 60, ni ọkùnrin kan tú palẹ̀, tí ó pààrọ̀ bẹ́árìn àti ríǹgì rẹ̀, tí ó sì tún un tò fún ọkọ̀ asáré tí ó fi ń kó èrò. Lẹ́yìn wákàtí kan lórí omi, iná pupa tàn, fèrè ìkìlọ̀ dún, ẹ́ńjìnnì náà sì dín eré ara rẹ̀ kù. Ó ka ìwé mi. "Agbára epo kò tó." Létí omi, bẹntiróòlù ni epo. Ó gbà pé wọ́n ti bu omi sí epo tí òun rà. Ó da gbogbo rẹ̀ nù, ó ra òmíràn. Iná kò kú. Ẹnì kan wá sọ fún un pé ọ́ìlì ni ìwé náà ń wí, àti pé pọ́ǹpù ni í fún ọ́ìlì lágbára. Ó ra pọ́ǹpù tuntun. Iná kò kú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọkọ̀ rẹ̀ fi wà lórí ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ méjèèjì tí mo lò. Ti "epo" kò le. Epo pupa ni epo nínú ìṣasùn, bẹntiróòlù ni epo nínú táǹkì, epo rọ̀bì sì ni epo tí ilé-iṣẹ́ ń wà nínú òkun tí ó kọjú sí àwọn ará Ìlàjẹ. Mẹkáníìkì kan kò tíì pe ohun tí a ń bù sínú àwo ẹ́ńjìnnì ní nǹkan mìíràn ju ọ́ìlì lọ létí mi. Ìgbéraga onímọ̀-èdè, tí kò fẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò, ni ó mú mi kọ ọ́ sílẹ̀. N kò ní àwáwí.

"Agbára" ni ó burú jù. Ọ̀rọ̀ yìí ti ru ẹrù tí ó ju tirẹ̀ lọ: òun ni a fi ń túmọ̀ okun, ipá, àṣẹ, àti iṣẹ́ tí ẹ̀rọ lè ṣe láàrin àkókò kan. A ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ẹ́ńjìnnì náà pàápàá pẹ̀lú "agbára ẹṣin 60". Agbára ẹṣin yìí lè pé pérépéré nígbà tí ọ́ìlì inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má fún rárá. Bẹ́ẹ̀ ni agbára, nínú èdè wa, jẹ́ ohun tí ẹnì kan tàbí nǹkan kan ní. Bí a bá ti gbọ́ pé ó dín kù, ẹni tí ó ni ín ni a ń wá lọ. Ìdí nìyẹn tí gbólóhùn mi fi darí ọkùnrin náà sọ́dọ̀ pọ́ǹpù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pọ́ǹpù nìkan ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ọ́ìlì ṣíṣàn ni pọ́ǹpù ń pèsè. Dídí tí ọ̀nà tóóró ń dí ọ́ìlì náà lọ́wọ́, pàápàá láàrin bẹ́árìn àti kíráńkì, ni ó ń mú kí ó fún. Àgbà mẹkáníìkì kan tí wọ́n ránṣẹ́ pè láti Igbokoda ni ó là á yé mi. Ó ní: "Ọ̀gá tíṣà, ẹ má bínú o, pọ́ǹpù kò ṣẹ̀. Ibi tí ó yẹ kó há ni kò há."

Mo jókòó tì í ní ọjọ́ méjì. Kò gba iná pupa gbọ́. Ó yọ ohun tí ń tan iná náà, ó de géèjì alábẹ́rẹ́ mọ́ ojú ihò rẹ̀. Ó fa ọ̀pá ìwọn-ọ́ìlì jáde, ó gbóòórùn rẹ̀, nítorí pé bẹntiróòlù a máa yọ́ wọ inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì báyìí, ọ́ìlì a sì ṣàn bí omi. Kò sí òórùn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, abẹ́rẹ́ dúró sókè. Bí ó ti ń gbóná, abẹ́rẹ́ ń wálẹ̀. Ó ṣàlàyé pé bí abẹ́rẹ́ bá wà nílẹ̀ nígbà òtútù àti nígbà ooru, òun ìbá kọ́kọ́ wo asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà wọ pọ́ǹpù, tàbí fáàfù onísípíríǹgì tí ń tú ọ́ìlì tí ó bá fún jù dànù, bóyá ìdọ̀tí ti há a lẹ́nu kò lè padé. Bí abẹ́rẹ́ bá ń gbọ̀n nígbà tí ìgbì ń gbé ọkọ̀, ọ́ìlì ti kéré nínú àwo, afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù ń fà. Èyí tí ó dáa nígbà òtútù tí ó sì rọlẹ̀ nígbà ooru ń tọ́ka sí àyè tí ó fẹ̀ jù. Ó tú kíráńkì, ó fi òwú ike tẹ́ẹ́rẹ́ sáàrin rẹ̀ àti bẹ́árìn, ó dè é, ó tún un tú, ó sì wọn bí òwú náà ti tẹ́ sí. Ẹni tí ó tò ó kò wọ̀n ọ́n rí. Ìlànà àtijọ́ àwọn tí ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìje tò ni íńṣì 0.001 fún íńṣì kọ̀ọ̀kan tí kíráńkì fi nípọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni aláṣẹ. Tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Bí àyè yìí bá sì di ìlọ́po méjì, ọ́ìlì tí ń jò gba ibẹ̀ lè di ìlọ́po mẹ́jọ. Pọ́ǹpù tuntun wo ni yóò kájú ìyẹn?

Ọ̀rọ̀ tí mo dábàá nísinsìnyí ni "ìfúnpá". Àwọn elétò ìlera kan ti ń lò ó fún ti ẹ̀jẹ̀, ó sì sàn ju "ẹ̀jẹ̀ ríru" lọ nítorí pé àìsàn ni ìyẹn ń dárúkọ, ṣùgbọ́n ìfúnpá lè ga, ó sì lè rẹlẹ̀. Wọn yóò sọ fún mi pé oògùn tí a ń so mọ́ apá ni ìfúnpá. Òótọ́ ni, fífún tí ó fún apá náà ni ó sọ ọ́ lórúkọ. Fífún láti ìta yìí gan-an ni mo ń wá, nítorí pé ẹni tí ó bá gbọ́ pé ìfúnpá ọ́ìlì ti rọlẹ̀ yóò bi ara rẹ̀ pé kí ni ó yẹ kó fún un tí kò fún un mọ́. "Ìfúnpọ̀" kò lè ṣiṣẹ́ yìí. Mo fẹ́ kí a fi í pamọ́ fún afẹ́fẹ́ tí písítìn ń kì pọ̀ sójú kan nínú sílíńdà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà da méjèèjì pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì kan náà. "Ìtẹ̀" kò burú, àmọ́ ó bá ohun tí ń ti òkè wá mu ju ohun tí a sé mọ́ inú lọ.

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Kò dé inú àwo ọ́ìlì, a kò sì lè bá a wí. Ètò ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọdé lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀ díẹ̀: ta ni a ń bi kí a tó tẹ ọ̀rọ̀ jáde? Nígbà tí mo ń túmọ̀ ìwé pélébé yẹn, n kò bi ẹnikẹ́ni tí ọ́ìlì ti kan ọwọ́ rẹ̀ rí. Mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, mo mú ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú.

Mo ti tún gbólóhùn náà kọ: "Ìfúnpá ọ́ìlì ti rọlẹ̀: pa ẹ́ńjìnnì." Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí n kò tíì rí ojútùú sí, èyíinì ni àyè tí ó wà láàrin bẹ́árìn àti kíráńkì. "Àlàfo" ni mo kọ́kọ́ lò, àgbà mẹkáníìkì náà sì kọ̀ ọ́; ó ní àlàfo ni ohun tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ èyí gbọ́dọ̀ wà, kí ó má sì fẹ̀ jù. "Àyè" ni mo ń lò títí di ìsinsìnyí. Bí òǹkàwé kan bá ní èyí tí ó sàn jù, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ̀wé sí olóòtú.