Ẹ̀wà Tí Kòkòrò Kọ̀

Ẹni tó bá dúró nídìí igbá ẹ̀wà lọ́jà, ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe ni kó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kó sì tẹjú mọ́ ọn bóyá kòkòrò ti lu ú. Bó bá rí ihò tíńtín lára hóró méjì mẹ́ta, á da gbogbo rẹ̀ padà, á sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí ẹ̀wà tiẹ̀ ń dán. Ojú tá a fi ń rajà yẹn ló ń ṣe wá ní jàǹbá. Ẹ̀wà tó lo oṣù mẹ́fà nínú àpò lásán, nínú ooru, tí kòkòrò kankan ò yà sí, ó yẹ kó bà wá lẹ́rù ju èyí tí kòkòrò ti jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ. Kòkòrò ò kọ ẹ̀wà rí. Ohun tí wọ́n dà sí i ló lé e. Ohun tí mo ń sọ kò ní àbùlà: kí àwa tá à ń gbé ìgboro padà sídìí oúnjẹ tí wọ́n gbìn nítòsí wa, tí wọn ò fi májèlé gbìn, tí wọn ò sì fi májèlé tọ́jú.

Ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Ohun tí wọ́n bá nínú rẹ̀ ni dichlorvos, èyí tó wà nínú Sniper tí à ń fi pa aáyán àti ẹ̀fọn. Òfin wọn ò gbà ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú kílò kan. Èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa bẹ̀rẹ̀ láti orí 0.03, ó sì gùn dé 4.6. Èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ohun tí òfin gbà, èyí tó ga jù jẹ́ ìlọ́po 460. Ẹ̀wà tó fẹ́ kọjá òkun ni wọ́n dá dúró o. Èyí tó kù sílé, tó sì pọ̀ jù, kò bá aṣọ́bodè kankan pàdé kó tó dé inú àwo àkàrà, mọ́ínmọ́ín àti gbẹ̀gìrì wa. Lọ́dún 2019, NAFDAC, àjọ tó ń ṣàbójútó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de ìgò Sniper kékeré oní-mílílítà 100. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìgò ńlá ṣì wà, ẹ̀rù kòkòrò ò sì tíì kúrò lọ́kàn oníṣòwò.

Mi ò ka oníṣòwò yẹn sí ìkà. Òkè Ọya ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀wà tí à ń jẹ ní Ìbàdàn àti Èkó ti ń wá. Wọ́n á ká a, wọ́n á kó o pamọ́, wọ́n á máa retí ìgbà tí yóò wọ́n. Ọwọ́ bíi mẹ́ta mẹ́rin ni yóò gbà kọjá, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò jẹ ẹ́ nínú wọn. Bí àpò kan bá kún fún kòkòrò, owó ọmọ ẹni ló wọmi. Nítorí èyí ni mo ṣe gbà pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí kò ní kẹ́míkà àti ọ̀rọ̀ oúnjẹ ìtòsí, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí ọ̀nà ṣe ń jìn ni ìdí láti da oògùn sí oúnjẹ ń pọ̀ sí i. Ẹ wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi kábáìdì pọ́n. Wọ́n gé e ní tútù kó má baà rà lójú ọ̀nà. Nígbà tó dé, wọ́n fi ohun tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin sábẹ́ tapólì, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Ó pọ́n ròrò lára, ọrùn rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé, inú rẹ̀ le, kò sì dùn. Kábáìdì tí wọ́n ń tà lọ́jà sì sábà máa ń ní arsenic nínú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbó sórí igi ní abúlé ìtòsí, tó dọ́jà lọ́jọ́ kejì, kí ló fẹ́ fi kábáìdì ṣe?

Àwọn tó ń ta kò wá ní bí a bá pa kẹ́míkà tì, ebi ni yóò pa wá. Wọ́n á tọ́ka sí Sri Lanka, níbi tí ìjọba ti fòfin de ajílẹ̀ òyìnbó ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, tí ìkórè ìrẹsì wọn sì já wálẹ̀, tí wọ́n sì gbé òfin náà kúrò kí ọdún tó parí. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìjọba tó já ajílẹ̀ gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀ lójijì, tí kò kọ́ ọ ní ọ̀nà mìíràn, kò dán oko tí kò ní kẹ́míkà wò rárá. Ó kàn sọ àgbẹ̀ di aláìní irinṣẹ́ ni. Àwa ní àpẹẹrẹ tó lágbára ju ìyẹn lọ, Ìbàdàn níbí ló sì ti ṣẹlẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, kòkòrò kan tó funfun bí ìyẹ̀fun, tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, bọ́ sí oko ẹ̀gẹ́ ní Kóńgò, ó sì ń ràn kárí Áfíríkà. Orí ewé á ká kò, igi á gbẹ, iṣu á kéré. Àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, ò gbé oògùn fún àgbẹ̀ kó máa fín in. Agbọ́n tíńtínní kan láti Paraguay ni wọ́n kó wá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní 1981. Agbọ́n yìí á yé ẹyin sínú kòkòrò náà, ọmọ rẹ̀ á jẹ ẹ́ láti inú títí yóò fi kú. Ó tàn káàkiri, ẹ̀gẹ́ sì padà bọ̀ sípò. Hans Herren tó ṣáájú iṣẹ́ náà gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995. Gàárì tá à ń rẹ, lafún àti fùfú tá à ń rò, gbogbo wọn jẹ agbọ́n yẹn ní gbèsè. Ẹni tó bá ní kẹ́míkà nìkan ló lè gba oúnjẹ là, kó dáhùn ìyẹn ná.

Àtakò kan wà tí mo kà sí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbàdo àti ẹ̀pà tí kò gbẹ dáadáa máa ń bu, èébu yẹn sì máa ń tu májèlé aflatoxin sínú rẹ̀, èyí tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Kò sí ọwọ́ ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kankan níbẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ohun tó ti oko wá láìní oògùn ló mọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi ń bá a jà? IITA kan náà wá irú èébu tí kì í tu májèlé jáde, nínú ilẹ̀ Nàìjíríà gan-an, wọ́n fi í sára hóró ọkà bàbà, wọ́n ń fọ́n ọn sínú oko kó gba àyè mọ́ èyí tó léwu lọ́wọ́. Aflasafe lorúkọ rẹ̀. Ti ẹ̀wà tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: àpò PICS, ọ̀rá méjì nínú àpò kan. Bí wọ́n bá so ó pinpin, kòkòrò inú rẹ̀ á fa afẹ́fẹ́ tó kù tán, wọ́n á sì kú. Kò sí májèlé, kò sí òórùn, ẹ̀wà á sì wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀.

Owó ńkọ́? Mi ò ní purọ́, ìrẹsì ọ̀fadà sábà máa ń wọ́n ju ọ̀pọ̀ ìrẹsì mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀fadà nìkan kọ́ ni oúnjẹ ìtòsí. Tẹ̀tẹ̀, gbúre, ebòlò àti ṣọkọ ò wọ ọkọ̀ ojú omi wá, bẹ́ẹ̀ ni òtílì tí àwọn ará Èkìtì ń sè. Àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì wa ńkọ́? Òkè òkun ni a ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí dọ́là bá sì ti gbéra, búrẹ́dì á tẹ̀ lé e. Èwo wá ni ọ̀wọ́n nínú méjèèjì? Kí olùrajà yọ́nú sí ẹ̀wà tó ní ihò díẹ̀, kó gbọ̀n ọ́n, kó fẹ́ ẹ, kó sè é. Kí àwọn ìyálọ́jà bèèrè àpò PICS lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bèèrè ṣọ́ọ̀bù. Kí NAFDAC sì ṣe irú àyẹ̀wò tí Yúróòpù ń ṣe ní ibodè wọn fún ẹ̀wà tó ń wọ ọjà Bódìjà àti Mile 12, kí wọ́n lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà lóṣooṣù.