Ìbéèrè Ni Ó Bi Ọ́, Ìdáhùn Ni Kí O Fún Un

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá akọ àti abo. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ayé lásán létí àwọn kan, nítorí ọ̀rọ̀ orí pápá ni: ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin eléré ìdárayá àti àwọn obìnrin tí ń kó ìròyìn eré jọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ní Ìjerò, ní Aramọkọ àti ní Ẹ̀fọ̀n wà lórí pápá yẹn. Àwọn ọmọbìnrin wa tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní ilé ẹ̀kọ́ gíga náà wà níbẹ̀, wọ́n á di fóònù mú, wọ́n á máa wá ẹni tí wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ohun tí ọkùnrin bá sọ fún wọn níbẹ̀, màláíkà ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti ń kọ ohun tí a sọ nínú mọ́sálásí.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2016, ní ìlú Hobart ní ilẹ̀ Ọsirélíà, Chris Gayle, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká eléré kíríkẹ́ẹ̀tì láti Jàmáíkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lójú eré ni. Oníròyìn tẹlifíṣàn kan, Mel McLaughlin, na gbohùngbohùn sí i, ó bi í nípa bí ó ṣe ta. Dípò kí ọkùnrin yìí dáhùn, ó ní nítorí kí òun lè rí ẹyinjú obìnrin náà ni òun ṣe wá. Ó ní bóyá àwọn á jọ lọ mu nǹkan tí eré bá parí, ó tún ní kí ó má tijú. Gbogbo èyí, lójú ayé. Obìnrin náà dá a lóhùn pé òun kò tijú. Ẹgbẹ́ tí ó ń ṣeré fún, Melbourne Renegades, ní kí ó san owó ìtanràn 10,000 dọ́là ilẹ̀ Ọsirélíà. Gayle ní àwàdà ni òun ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún kẹwàá Híjírà, nígbà Hajj ìdágbére. Al-Fadl, ọmọ Abbas, gun ràkúnmí lẹ́yìn Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó rẹwà ni. Obìnrin kan láti ẹ̀yà Khath'am wá, òun náà rẹwà, ó ní ìbéèrè. Bàbá òun ti darúgbó, kò lè jókòó lórí ẹran gígùn mọ́. Ṣé òun lè bá a ṣe Hajj? Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni Al-Fadl tẹjú mọ́ ọn. Ànábì na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di àgbọ̀n Al-Fadl mú, ó yí ojú rẹ̀ sí ibòmíràn. Ó sì dá obìnrin náà lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ó ṣe é fún un. Bukhari àti Muslim ló gba hádíìsì yìí wá.

Ẹ wo ẹni tí wọ́n yí ojú rẹ̀. Ànábì kò sọ fún obìnrin náà pé kí ó lọ sílé, kí ó lọ rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá. Kò bi í pé kí ni ó ń wá láàrin àwọn ọkùnrin. Ìbéèrè rẹ̀ gba ìdáhùn pé pérépéré, ojú ọkùnrin ni ó gba àtúnṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni Al-Kùránì ṣe tò ó nínú Sùúrà an-Nūr: ayah 30 pàṣẹ fún àwọn ọkùnrin onígbàgbọ́ pé kí wọ́n rẹ ojú wọn sílẹ̀, kí ó tó wá kan àwọn obìnrin ní ayah 31. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ń ṣe wáàsí máa ń fo 30, a ó bẹ̀rẹ̀ láti 31. Mi ò mọ ẹni tí ó fún wa láyè yẹn.

Ní ilẹ̀ wa níbí, ọ̀rọ̀ náà kì í sábà le tó ti Gayle. Tiwa máa ń gba ọ̀nà ẹ̀fẹ̀ wọlé. Ọmọbìnrin á kí agbábọ́ọ̀lù pé "Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀dá", á bi í nípa góòlù tí ó jẹ. Bọ̀dá á rẹ́rìn-ín, á ní "Ìyàwó mi, ìwọ náà mọ bọ́ọ̀lù?" Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n dúró tì í á bú sẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé nínú àṣà wa, bàbá àgbà lè pe ọmọ ọdún márùn-ún ní ìyàwó òun, kí inú gbogbo ilé sì dùn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjìlélógún tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ọ̀gá rẹ̀ ní rédíò ń retí ìròyìn lọ́wọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni lórí pápá yẹn. Tí ó bá bínú, wọ́n á ní kò mọ eré. Tí ó bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ó ti gbà. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kẹrin kò ní wá mọ́. Bàbá rẹ̀ tí ó ta kòkó kí ó tó rí owó ilé ìwé rẹ̀ san kò ní mọ ohun tí ó lé e kúrò.

Ọ̀rọ̀ "ìwọ náà mọ bọ́ọ̀lù" yẹn ní ẹ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, Jourdan Rodrigue tí ó ń bá ìwé ìròyìn Charlotte Observer ṣiṣẹ́ bi Cam Newton, agbábọ́ọ̀lù Carolina Panthers, léèrè nípa bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ṣe ń la ọ̀nà sáré láti gba bọ́ọ̀lù. Newton rẹ́rìn-ín, ó ní ó pa òun lẹ́rìn-ín láti gbọ́ kí obìnrin máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Dannon tí ó ń bá polówó yọ́gọ́ọ̀tì já a sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó tọrọ àforíjì. Wọ́n tún tú ọ̀rọ̀ burúkú tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ ti kọ sórí Twitter rí nípa aláwọ̀ dúdú jáde, òun náà sì tọrọ àforíjì. Àwọn kan fẹ́ fi ìyẹn wẹ Newton mọ́. Kò lè rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí: ẹlẹ́rù kan kì í bá òmíràn ru ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan kì í sì í pa ti ẹlòmíràn rẹ́.

Kí ni ó pani lẹ́rìn-ín nínú kí obìnrin ní ìmọ̀? Hádíìsì tí a gbà láti ọ̀dọ̀ Aisha, ìyá àwa onígbàgbọ́ òdodo, lé ní 2,000. Àwọn àgbà sàábé ń wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń dá wọn lóhùn láti ẹ̀yìn gàgá, nígbà mìíràn ó ń tún ohun tí wọ́n gbọ́ ṣì ṣe. Nínú iṣẹ́ tí a ń sọ yìí gan-an ní Nàìjíríà, Aisha Falode ti pẹ́ lẹ́nu ìròyìn eré ìdárayá kí ó tó di alága líìgì bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ní 2017. Ẹni tí ó bá rò pé obìnrin kò lè mọ̀ ọ́n, kí ó lọ bá a jiyàn.

Mo mọ ohun tí àwọn àáfà wa kan máa sọ. Wọ́n á ní: kí ni ó gbé e dé ibẹ̀? Wọ́n bi Lisa Olson náà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1990, ó ń ṣiṣẹ́ fún ìwé ìròyìn Boston Herald nínú yàrá tí àwọn agbábọ́ọ̀lù New England Patriots ti ń pààrọ̀ aṣọ, nígbà tí àwọn kan nínú wọn wá dúró síwájú rẹ̀ ní ìhòòhò, tí wọ́n ń sọ ìsọkúsọ sí i. Líìgì ní kí Philip Heymann, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ní Harvard, ṣe ìwádìí, ìwádìí náà gbè é, líìgì sì bu owó ìtanràn lé àwọn agbábọ́ọ̀lù àti ẹgbẹ́ wọn. Síbẹ̀, òun ni àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ dojú kọ, títí ó fi kó lọ sí Ọsirélíà.

Ní tèmi, ẹ̀sìn wa kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà nínú yàrá yẹn láti fọ̀rọ̀ wá ẹlòmíràn lẹ́nu wò, ìbáà ṣe ọkùnrin. Láti ìdodo dé orúnkún ọkùnrin jẹ́ ìhòòhò, ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ máa wò ó. Ní Amẹ́ríkà nígbà kan rí, àwọn ọkùnrin oníròyìn máa ń wọlé níbẹ̀, obìnrin a dúró síta, iṣẹ́ rẹ̀ a sì bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí Melissa Ludtke fi lọ sí ilé ẹjọ́, tí adájọ́ Constance Baker Motley sì dá a láre ní 1978. Ìdájọ́ òdodo ni, nítorí bí ilẹ̀kùn bá ṣí, kí ó ṣí fún gbogbo wọn. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe níbi ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé sàn jù lọ́dọ̀ mi: ọ̀nà kan wà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbà kọjá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọṣọ, gbogbo oníròyìn á dúró síbẹ̀, takọtabo. Kò sí ìhòòhò níbẹ̀, kò sì sí pé ọkùnrin kan àti obìnrin kan dá wà. Ẹni tí ó bá ní ìta gbangba lójú igba ènìyàn jẹ́ ìdáwà, kí ó tún ìwé rẹ̀ kà.

Ọ̀dọ́ tí ó lágbára wà nínú Al-Kùránì, ẹ lọ wò ó nínú Sùúrà al-Qasas láti ayah 23. Musa dé ibi omi Madyan, ó rí obìnrin méjì tí wọ́n ń dá ẹran wọn dúró. Ó bi wọ́n ní ohun tí ó yẹ kí ó bi wọ́n, wọ́n dáhùn, ó fún ẹran wọn lómi, ó sì lọ sí abẹ́ ibòji. Kò bèèrè orúkọ, kò yin ẹwà. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn máa ròyìn rẹ̀ fún bàbá wọn, ó fi agbára àti ìfọkàntán pọ̀ mọ́ra wọn, pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ènìyàn gbà síṣẹ́. Agbára, àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ní i.

Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní òfin tí ó de ìwà ipá láàrin takọtabo láti 2011, wọ́n tún un ṣe ní 2019. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kò ní dúró sí pápá ilé ìwé ní Ìjerò nírọ̀lẹ́ Sátidé nítorí "ìyàwó mi". Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò bọ́ọ̀lù ọdún Iléyá fún àwọn ọ̀dọ́ ni mo ń bá wí. Ẹ yan ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, lábẹ́ igi tàbí kánópì, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Kí ọmọkùnrin wọ aṣọ rẹ̀ tán kí ó tó débẹ̀, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ sì dúró tì í. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá má dúró di ẹ̀yìn ọ̀la. Níwájú gbohùngbohùn yẹn náà ni kí ó ti sọ pé: "Ẹ má bínú, arábìnrin. Ẹ tún ìbéèrè yín bi í." Kí ọmọkùnrin náà sì dáhùn.