Ẹ má bu oúnjẹ gbígbóná sínú fóòmù funfun

Abọ́ fóòmù funfun tí àwọn olóúnjẹ ń dì fún wa lójú títì, èyí tí a ń pè ní tékàwéè, la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí.

Ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe é. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ styrene wà nínú rẹ̀. Bí oúnjẹ bá gbóná, tó sì lépo, bí ìrẹsì Ọ̀fàdà àti ọbẹ̀ ata rẹ̀, díẹ̀ nínú kẹ́míkà yìí máa ń bọ́ sínú oúnjẹ. Òótọ́ ni pé kì í pọ̀, ẹ má tìtorí ẹ̀ẹ̀kan sáré lọ sílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2018, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ kà á mọ́ àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ. Ọmọ tó ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ ni kí ẹ rò.

Ẹ má sì dáná sun ún lẹ́yìnkùlé. Èéfín dúdú rẹ̀ kò dára fún àgbàlagbà, pàápàá ẹni tó ní ikọ́ sémìísémìí. Ní Èkó tó múlé tì wá, ìjọba kéde lọ́jọ́ 21, oṣù kìíní, ọdún 2024 pé àwọn fòfin dè é, nítorí bó ṣe ń dí gọ́tà.

Èyí tí wọ́n fi ń ti tẹlifíṣọ̀n nínú páálí ńkọ́? Iléeṣẹ́ Ecovative, tí Eben Bayer àti Gavin McIntyre dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2007, ń fi pàǹtí oko àti olú ṣe irú rẹ̀. Wọ́n á lọ pàǹtí náà, wọ́n á pò ó mọ́ àwọn okùn tíntìntín tó dà bíi gbòǹgbò olú, wọ́n á sì kì í sínú mọ́ọ̀dù. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, olú á ta okùn rẹ̀ yí gbogbo rẹ̀ ká, á dì pọ̀. Wọ́n á wá fi ooru gbẹ ẹ́ kí olú náà lè kú, kò ní hù nínú páálí yín o! Tí ẹ bá sin ín sílẹ̀, á jẹrà.

Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé tiwa yìí tí Ọ̀fàdà wà, èèpo ìrẹsì àti pòpórò àgbàdo tó ṣeé lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ là ń sun dànù.

Ẹrù ni wọ́n ń fi fóòmù olú yìí dì, kì í ṣe oúnjẹ. Ti oúnjẹ, ẹ ní kí wọ́n pọ́n Ọ̀fàdà yín sínú ewé tí wọ́n ti fọ̀ dáadáa, tàbí kí ẹ gbé abọ́ onídèérí tiyín lọ sọ́dọ̀ olóúnjẹ.