Ilé Là Ń Wò Kí Á Tó Sọ Átọ́ọ̀mù Lórúkọ

Ẹni tó bá kọ́kọ́ ya àwòrán hẹmoglóbíìnì lórí kọ̀ǹpútà máa ń fẹ́ kí gbogbo ara rẹ̀ ní orúkọ lẹ́ẹ̀kan náà. Purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ yìí ní ẹ̀wọ̀n mẹ́rin àti ámínò ásíìdì 574. Átọ́ọ̀mù rẹ̀ ju 4,000 lọ, a kò tíì ka háídrójìn mọ́ ọn. Pàṣẹ fún PyMOL, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán mólékù, pé kó kọ orúkọ sára gbogbo wọn, yóò ṣe é kíákíá, kò ní bi ọ́ ní ìdí. Orúkọ á gun orí orúkọ, mólékù tí a fẹ́ fi han ènìyàn á sì rá sábẹ́ lẹ́tà.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí: ọmọkùnrin tí a bí lẹ́yìn tí bàbá àgbà kú ń jẹ́ Babátúndé, ilé onílù ń bí Àyánwálé, ilé ọdẹ ń bí Ọdẹ́wálé. Ṣùgbọ́n òwe náà ní ètò nínú tí a kì í sábà fiyè sí. Wíwò ló ṣíwájú, orúkọ ló tẹ̀lé e. Ìṣòro ẹni tí àwòrán rẹ̀ kún fún lẹ́tà ni pé ó ti sọ gbogbo ọmọ lórúkọ kó tó yọjú wo ilé.

Ẹ jẹ́ kí á mú àwòrán kan tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Kò sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tó Nàìjíríà. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú hẹmoglóbíìnì ni àléébù náà wà. Láàárín 1956 sí 1957, Vernon Ingram tọpa rẹ̀ dé ojú ibi tó wà gan-an: ní ipò kẹfà lórí ẹ̀wọ̀n béta, valine ló jókòó síbi tó yẹ kí glutamate wà. Valine kì í fẹ́ràn omi. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti tú ọ́síjìn sílẹ̀ tán, valine yìí a máa ki orí bọ kòtò kan lára hẹmoglóbíìnì mìíràn, níbi tí Phe85 (phenylalanine ní ipò 85) àti Leu88 (leucine ní ipò 88) wà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń so mọ́ra wọn di okùn gígùn, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa á fi tẹ̀ kọrọdọ.

Ìsopọ̀ yìí wà nínú fáìlì tí wọ́n ń pè ní 2HBS ní Protein Data Bank. Ẹni tó bá ṣí i, tó kàn sọ pé kí ẹ̀rọ kọ orúkọ ipò kẹfà, yóò rí nǹkan. Hẹmoglóbíìnì méjì ló wà nínú fáìlì náà, ẹ̀wọ̀n mẹ́jọ, oníkálukú ló sì ní ipò kẹfà tirẹ̀. Mẹ́rin jẹ́ valine. Mẹ́rin yòókù, tí í ṣe ti ẹ̀wọ̀n álífà, aspartate ni wọ́n. Valine kọ̀ọ̀kan á tún gba orúkọ lẹ́ẹ̀méje, nítorí átọ́ọ̀mù méje ló ní láìka háídrójìn. Àfi kí á dárúkọ ẹ̀wọ̀n, kí á sì mú átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, CA (kábọ́ọ̀nù álífà) ló sì dára jù, kí orúkọ tó lè jẹ́ ẹyọ kan.

Níbo wá ni yóò jókòó sí? PyMOL, tí Warren DeLano gbé jáde ní 2000, máa ń gbé orúkọ sójú átọ́ọ̀mù gan-an, á wá fà á síwájú sọ́dọ̀ ẹni tó ń wòran ní 1.75 Ångström. Ìwọ̀n yìí bá kábọ́ọ̀nù mu: tí a bá yà á ní bọ́ọ̀lù, láti àárín rẹ̀ sí ara rẹ̀ jẹ́ 1.7, orúkọ á kàn yọ síta níwájú rẹ̀. Ti sulphur jẹ́ 1.8 ní tirẹ̀, ikùn rẹ̀ sì lè gbé àárín orúkọ mì.

Ìlànà tó ń darí èyí ni label_position. Nọ́ḿbà mẹ́ta ló ń gbà: ọ̀tún àti òsì, òkè àti ìsàlẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. Kì í ṣe ara mólékù la fi ń wọ̀n wọ́n o, ojú ẹni tó ń wòran ni. Tí a bá yí mólékù, orúkọ tí a gbé sọ́wọ́ ọ̀tún kò ní bá a yí, ọwọ́ ọ̀tún náà ni yóò wà. Àyè tó ṣófo níbẹ̀ nígbà tí a gbé orúkọ sí i lè ti kún fún ẹ̀wọ̀n mìíràn báyìí, kí orúkọ Val6 sì wá di ti aládùúgbò lójú ẹni tí kò mọ̀. Ilé tí ń yí ni ilé wa yìí. Nítorí náà, ibi tí a ó ti wò ó ni kí á kọ́kọ́ fi lélẹ̀. Àṣẹ get_view yóò tẹ nọ́ḿbà 18 jáde. Ẹ tọ́jú wọn, kí set_view lè dá ìwòye náà padà nígbàkígbà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó fọwọ́ kan orúkọ.

Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú irú àwòrán yìí ni kí orúkọ bo ẹ̀rí mọ́lẹ̀. Ojú ibi tí valine ti wọnú kòtò lòǹkàwé wá wò, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n á sì lẹ Val6 àti Phe85 mọ́. Ẹ fà wọ́n síta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí ẹ̀yìn kòtò. Bí ó bá jìnnà jù, label_connector á fa ìlà tín-ínrín láti orúkọ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Èmi kò fara mọ́ float_labels ní tèmi. Ó máa ń gbé orúkọ átọ́ọ̀mù tó fara pa mọ́ lẹ́yìn wá síwájú, ẹni tó ń wòran á sì rò pé ti iwájú ni.

Ọ̀rọ̀ nọ́ḿbà ṣì kù. Àwọn onímọ̀ jẹ́nẹ́tíìkì òde òní ń ka methionine tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀wọ̀n béta mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara máa ń gé e dànù, nítorí náà Glu7Val ni wọ́n ń kọ fún àléébù yìí. Fáìlì 2HBS kò kà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka 7 nínú ìwé, tó wá lọ sọ ipò keje lórúkọ nínú fáìlì náà, glutamate tí kò ní àléébù kankan ni yóò bá, ẹ̀rọ á sì kọ Glu7 síbẹ̀ láìjanpata. Kí ó yọ ọ̀kan kúrò kí ó tó pàṣẹ.