Ẹ̀RỌ TÍ Ń WO ÌWÀ ỌMỌ

Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2024, Báǹkì Àgbáyé àti ìjọba Ẹdó kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama jọ ní ìlú Benin lẹ́yìn ẹ̀kọ́ òòjọ́, méjì méjì sí ìdí kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ Microsoft sì ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni, síbẹ̀ wọ́n ṣe dáradára ju àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí a kíyèsí i: olùkọ́ wà níbẹ̀ tí ń tọ́ wọn sọ́nà.

Irú mìíràn wà tí ń yí ìbéèrè padà bí ó ti bá ọmọ. Bí ọmọ bá gbà á, ó gbé èyí tí ó le jù wá. Bí ó bá ṣì í, ó padà sẹ́yìn. Àwọn kan tilẹ̀ ń fẹ́ kí ó máa wo ìwà pẹ̀lú: ta ni onísùúrù, ta ni oníwàǹwára, ta ni onítìjú. Apá kan èyí dára lójú wa. Ọmọ tí kò jẹ́ nawọ́ sókè nínú kíláàsì lè ṣì í lẹ́ẹ̀mẹ́wàá níwájú ẹ̀rọ láìsí ẹni tí yóò pòṣé. (Ẹ má bínú, ẹ̀yin olùkọ́.)

Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀rọ ń rí? Ìdáhùn àti ìṣẹ́jú ni. Ọmọ tí ó dákẹ́ nítorí pé ó ń ronú, àti èyí tí ó dákẹ́ nítorí pé ebi ń pa á, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀. Ẹ dé ọjà Sandgrouse ní ìrọ̀lẹ́: ọmọ tí ń bá ìyá rẹ̀ tajà ń ṣírò ṣéńjì ní Yorùbá láìlo bírò. Ẹ gbé ìṣirò kan náà fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ óò rí i tí yóò máa wò. Ẹ̀rọ yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ní làákàyè. Olùkọ́ tí ó mọ ìyá rẹ̀ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà ni inú wa kò fi dùn nígbà tí ìjọba àpapọ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣé lásán ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe làálàá ní Ifẹ̀ láti ọdún 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà, tí àwọn ọmọ náà sì ta ẹgbẹ́ wọn yọ?

Kí àwọn aṣòfin tí a dìbò fún béèrè kí owó ẹ̀rọ kankan tó jáde ní Èkó: èdè wo ni yóò máa sọ? Ta ni yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ìwà àwọn ọmọ wa, fún ọdún mélòó?