Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ọgbọ́n Ìtàkùrọ̀sọ àti Kíkọ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà àti Liberia ń jókòó ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì àfẹnusọ tí àjọ WAEC ń ṣètò, tí wọ́n sì ń jáde níbẹ̀ láìla ẹnu. Ìbéèrè 60 ni. Ìdáhùn mẹ́rin ni a tò sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ẹyọ kan. Fáwẹ̀lì wo ni ó bá èyí mu? Kóńsónáǹtì wo ni ó yàtọ̀? Ibo ni a ti tẹ ohùn mọ́lẹ̀ nínú ọ̀rọ̀? Ọwọ́ ni ó ń dáhùn. Ahọ́n kò ṣe nǹkan kan. Ní Ghana, Sierra Leone àti Gambia, ìgbọ́-ọ̀rọ̀-yé ni a fi rọ́pò rẹ̀. Etí rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ṣì wà ní pípadé.

Ọ̀rọ̀ yìí ré kọjá ìdánwò. Ní ọdún 1973, Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ojúlùmọ̀ lásán a máa wúlò fún ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ ju ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ lọ. Ohun tí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ mọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí olúwarẹ̀ ti mọ̀. Ojúlùmọ̀ ni ó ń mú ìròyìn wá láti agbo mìíràn. Nítorí náà, àkókò ìpápánu níbi àpérò kì í ṣe àkókò ìsinmi lásán. Ọ̀dọ́ tí ó gba máàkì gíga nínú Gẹ̀ẹ́sì a dé ibẹ̀, a kí àgbà onímọ̀ kan, a sì dákẹ́, nítorí pé wọ́n kọ́ ọ nílé pé àgbà ni í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Àgbà náà, tí ó ti òkèèrè wá, a rò pé kò ní ohun tí yóò sọ; a rẹ́rìn-ín músẹ́, a sì yí sí ẹlòmíràn. Kò sí àṣìṣe gírámà kankan nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ ọ̀nà kan ti dí.

Oògùn wo ni ilé-ẹ̀kọ́ ń lò sí i? Ìró ni. Odidi sáà ni a fi ń bá akẹ́kọ̀ọ́ jà lórí ìró tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bíi “think”, ìró tí èdè Yorùbá kò ní. Bẹ́ẹ̀, Jennifer Jenkins, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 2000, ti yọ ìró yìí gan-an kúrò lára ohun tí ó pọn dandan kí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè àkọ́kúntẹni fún tó lè gbọ́ ara wọn yé. Kò sọ pé ìró kò já mọ́ nǹkan kan. Gígùn fáwẹ̀lì wà lára ohun tí ó ní kí a kọ́ni. Dell Hymes ti ṣàlàyé ní ọdún 1972 pé mímọ gírámà nìkan kò tó: ẹni tí ó gbọ́ èdè gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí a ń sọ̀rọ̀, ìgbà tí a ń dákẹ́, àti ẹni tí a ń bá sọ ọ́. Àwọn olùkọ́ èdè mọ orúkọ yìí dáadáa. Kíláàsì wọn ni kò mọ̀ ọ́n.

Àṣìṣe tí ó burú jù ni èrò pé àṣà Yorùbá ni ó pa ọmọ lẹ́nu mọ́. Irọ́ ni. Yorùbá kò fi òfin de ẹnu èwe. Ó kọ́ ọ bí a ṣe ń tọrọ àyè. Èwe tí ó fẹ́ pòwe níwájú àgbà a ní, “Tótó, ó ṣe bí òwe o.” Àgbà a dáhùn pé, “Wàá rí òmíràn pa.” Àyè ti ṣí nìyẹn. Kí ni Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe nígbà tí ó bá ní “If I may ask” tàbí “I wonder whether”? Ìtọrọ àyè kan náà ni. Ọmọ tí ó mọ tótó ti mọ iṣẹ́ tí àwọn gbólóhùn wọ̀nyí ń ṣe. Gbólóhùn nìkan ni ó kù kí a fún un. Ẹni tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nílẹ̀ Yorùbá pàápàá kì í wò ranran: “Ó mà ṣe o”, “Kí ló wá ṣẹlẹ̀?” ni ó fi ń gbé ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀. Ìkíni wa sì ńkọ́? Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ewu ọ̀nà: ipò tí ẹnìkejì wà ni a kọ́kọ́ ń wò. Ìpìlẹ̀ ìtàkùrọ̀sọ láàárín àwọn tí kò mọra rí nìyẹn, ní èdè yòówù kí ó jẹ́.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a kó o sínú Gẹ̀ẹ́sì wúruwùru. “Ẹ kú iṣẹ́” tí a sọ di “Well done” fún ọ̀jọ̀gbọ́n lè dún létí rẹ̀ bí ìgbà tí olùkọ́ ń yin ọmọ kíláàsì. “Ẹ pẹ̀lẹ́” tí ó di “Sorry” lè mú kí ẹni tí ó fẹsẹ̀ kọ máa ṣe kàyéfì pé kí ni wọ́n fi ṣẹ òun. Sísọ nípa ara ẹni ni ó tún ṣòro jù. Yorùbá kórìíra kí ènìyàn máa yin ara rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ẹnu iṣẹ́ sì ní kí olúwarẹ̀ sọ ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ní gbólóhùn méjì. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a gbé iṣẹ́ síwájú, kí ara wà lẹ́yìn. “Ìwádìí lórí omi kànga ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lónìí kàn án gbọ̀ngbọ̀n” kì í ṣe ìgbéraga. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ wọ̀nyí bí olùkọ́ bá ti lé èdè abínibí jáde ní kíláàsì?

Ẹni tí ọmọ náà yóò sì bá pàdé ní Àbújá tàbí Accra kì í sábà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Akan ni, ó ní “sɛbe” tirẹ̀ tí ó ń ṣe iṣẹ́ tótó. Hausa ni, “sannu da aiki” rẹ̀ sì ni ẹ kú iṣẹ́ gan-an. Àwọn ẹni méjì tí wọ́n ní ọgbọ́n kan náà nílé a wá dúró síwájú ara wọn bí odi, nítorí pé wọ́n sọ fún wọn pé Gẹ̀ẹ́sì kò gba irú rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí a máa fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ́ ọmọ láti kékeré. Ìrònú yìí ni ó borí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fagi lé ìlànà èdè ti ọdún 2022, èyí tí ó fi èdè abínibí ṣe èdè ìkọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, tí Babs Fafunwa jẹ́ aṣáájú rẹ̀, ti dá wọn lóhùn. Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ náà fún ọdún mẹ́fà, olùkọ́ àkànṣe sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Kí olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì jókòó pọ̀ ṣètò ẹ̀kọ́ ìtàkùrọ̀sọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ níwájú olùdánwò, kí ẹni tí ó bi ẹnìkejì ní ìbéèrè tí ó bá ọ̀rọ̀ mu gba máàkì fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá ní owó kò sí, ṣebí a ń rí owó ra kẹ́míkà fún ìdánwò sáyẹ́ǹsì. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí a bọ́ ẹ̀ṣọ́ ilé lára rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà yóò dé òde ní ìhòhò, kò sì sí ìró kankan tí yóò rí fi bora.