Abẹ Wo Ni Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́kọ́ Rà?

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí a yan abẹ lẹ́yìn àgbọ̀n tí a fẹ́ fi fá.

Àwa ọmọ Ìlọrà àti Fìdítì mọ bí onígbàjámọ̀ ṣe ń tọ́jú abẹ rẹ̀: á pọ́n ọn lórí òkúta, á sì nù ún mọ́ awọ. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ra ojúlówó abẹ Solingen láti ilẹ̀ Jámánì, òkúta àti awọ ṣì kù tí yóò rà. Èyí tí a ń tà ní owó pọ́ọ́kú, tí ó ń dán yinrin, ńkọ́? Ẹnu rẹ̀ kì í sábà mú pẹ́. Yóò kàn máa fa irun tu ni. (Èèkù oníwo dára lójú, ṣùgbọ́n èèkù kò fárí.)

Ní tèmi, abẹ tí a ń ki ìdajì bíléèdì bọ̀ lẹ́nu ni kí ẹni tí ó ń kọ́ ọ rà. Bí bíléèdì bá kú, kí ó jù ú nù.

Owó nìkan kọ́ ni mo ń rò. Ní ilé akẹ́kọ̀ọ́ wa, ènìyàn mẹ́rin a máa lo abẹ kan, wọn a ní àwọn ti fi omi ṣàn án. Omi kò tó! Kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú B lè wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ fún ọjọ́ 7, ó kéré tán, ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí sì lè kó o ranni. Bíléèdì kò wọ́n. Kí olúkúlùkù ní abẹ tirẹ̀.